Odò tí Bàbá Gbé Wá Bá Mojí

Bí òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ti dá ní Ìkọ̀lé níbí, tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìnkùlé, mo gbé àwo oúnjẹ mi sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí.

Ní Ìtàjí ni wọ́n bí èmi àti àbúrò mi, Mojí. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn tirẹ̀ wà. Eegun a máa ro ó, òtútù ló sì máa ń fà á jù. Nígbà tí àwa yòókù bá lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò, ẹnu ọ̀nà ni Mojí máa ń jókòó sí. Tí a bá dé, á máa gbóòórùn irun wa.

Lọ́jọ́ kan ó bi bàbá wa pé, “Bàbá, ṣé odò kì í wá sí ulé ẹni ni?”

Àgbẹ̀ ni Bàbá. Wọn ò rẹ́rìn-ín. “Á wá,” ni wọ́n wí.

Wọ́n ṣọ́ bí oòrùn ṣe ń rìn nínú ọgbà, wọ́n yan ibi tó jìnnà sí igi máńgòrò, kí ewé má baà máa já sínú omi kó jẹrà. Wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá síbẹ̀, wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ní dagẹrẹ, kí adìyẹ tó bá jìn sí i lè rọ́nà gòkè. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán la fi tẹ́ inú rẹ̀, gbogbo wa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dì. Mojí náà tẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin, amọ̀ dé orókún. Òjò ló kún un. Bàbá gbin òṣíbàtà sí i, wọ́n sì bu ẹja wẹ́wẹ́ wá láti odò.

“Ẹ̀fọn lẹ ń sìn yìí o!” ni Màámi ń wí ṣáá.

“Ẹja á jẹ ọmọ wọn tán,” ni Bàbá máa ń fèsì.

Òótọ́ ni. Pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò nìkan ló yọ wá lẹ́nu, tó kó gbogbo ẹbí rẹ̀ wá bí ẹni tó rí ilé ọ̀fẹ́ l'Ékòó. Tí oòrùn bá mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, Mojí á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á máa rẹ́rìn-ín sí ẹja.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìdó, ó ní kí n máa ṣọ́ òdòdó òṣíbàtà òun. Òdòdó náà là lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, funfun báláú. Mo sáré lọ dúró lójú títì láti ròyìn fún un. Bàbá nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, aṣọ Mojí wà lábíyá wọn.

Nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn ẹbí ló sin ín. Lẹ́yìn náà Bàbá mú ṣọ́bìrì, wọ́n fẹ́ dí omi náà pa. Màámi ló sáré gbá ṣọ́bìrì mú.

“Ẹ má dí i. Wọn ò fi ibi tí ọmọ mi wà hàn mí. Níbo lẹ fẹ́ kí n máa wò?”

Bàbá jókòó sórí erùpẹ̀, wọ́n sunkún. Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí, sìmẹ́ǹtì ti bo ọgbà náà. Omi ẹ̀rọ ti dé ilé, àwọn dókítà sì ti mọ àìsàn yẹn ju tìgbà wa lọ, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọjọ́ ń wo ọgbẹ́ ọlọ́mọ sàn. Títí di ọjọ́ ogbó wọn, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Màámi á gbé àpótí lọ sétí omi. Tí mo bá pè wọ́n wá jẹun, wọ́n á ní:

“Mò ń bọ̀. Jẹ́ kí n bá a jókòó díẹ̀ sí i.”