Ẹ̀rọ Tó Ní Iṣẹ́ Ti Dé

Mo rántí ohùn ẹ̀rọ náà dáadáa. Á kọ́kọ́ dún bíi tẹlifóònù, lẹ́yìn náà á máa han gooro bí ẹni ń fi ìṣó ha páànù. Òun ni kọ̀ǹpútà ilé àyẹ̀wò wa ní Sábó fi ń bá ti ilé ìwòsàn Muṣin sọ̀rọ̀ lórí wáyà, tó ń fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà níbẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú ti Sábó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni, mo sì gbà pé ènìyàn nìkan ló mọ irọ́ í pa.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ aláboyún kan wá bá wa. Ó ní láti ọjọ́ mẹ́ta ni dókítà ti ń retí èsì ìyàwó òun. Mo yẹ kọ̀ǹpútà mi wò: ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi èsì náà ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ti Muṣin dáhùn pé òun ti gbọ́. Ọkùnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwé èsì lọ, ìyàwó rẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Akọ̀wé Muṣin ni mo fura sí, ìyá ọlọ́mọ kan tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Kò fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ ló ń fẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá tó ń darí ibi méjèèjì pé Àǹtí ń pa èsì rẹ́ kí wọ́n lè padà sí ti àtijọ́. Àǹtí ní òun ò rí nǹkan kan gbà. Ọ̀gá ní kó lọ jókòó sílé, ó sì rán mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, wọ́n fi èsì ránṣẹ́ láti Sábó, èmi náà sì jókòó ti ẹ̀rọ Muṣin. Ẹ̀rọ han, ó dákẹ́. Nǹkan kan ò wọlé. Mo pe Sábó. Wọ́n ní ẹ̀rọ Muṣin ti dáhùn pé òun ti gbọ́.

Ẹni tó so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ ló wá là á yé wa. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Lọ́dọ̀ ti Muṣin, “mo ti gbọ́” ò ju pé òun gbọ́ ìpè lọ. Ti Sábó gbà pé iṣẹ́ ti dé ọwọ́. Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ nílé Àǹtí.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta lo bi kọ̀ǹpútà,” ó ní. “Èmi ńkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lo bi mí?”

Kò padà síbi iṣẹ́ náà mọ́.

Lónìí, àwọn ẹ̀rọ tó ń dá ronú ti ń rán ara wọn níṣẹ́ láìsí ènìyàn láàárín. Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ń fẹnu kò lórí èdè tí wọn yóò jọ máa sọ, àti ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò túmọ̀ sí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ara máa ń fu mí. Kì í wá ṣe ẹ̀rọ nìkan ni mò ń fura sí. Mò ń fura sí ọ̀dọ́ ọlọ́gbọ́n tó jókòó tì í, tí nǹkan dá lójú bí ó ṣe dá mi lójú nígbà náà.