Ẹni Tó Gbé Epo Mọ́tò Mì Nítorí Mi

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dá agolo mílíìkì lu nítòsí mi, òórùn pẹtiróòlù ni imú mi máa ń gbọ́. Ìyàwó mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú u. Ó ní imú mi ti ya wèrè. Kì í ṣe ẹjọ́ imú mi o, ọ̀nà Bárúwà ló fà á: erùpẹ̀ pupa, ooru tó ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù àtijọ́ kan, àti ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó ń tutọ́, tó ń mu mílíìkì láti inú agolo, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi pé kò séwu. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹgbẹ́dá ni a jọ ń gbé nígbà náà, nínú ilé onílé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo wa ń tò síwájú balùwẹ̀ kan ṣoṣo láàárọ̀. Èmi àti ìyàwó mi wà lápá ọ̀tún, òun àti ìyàwó tirẹ̀ wà lápá òsì. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí, kò sì fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀ rí, bí ó ti wù kí inú bí i tó. Ọbẹ̀ tí wọ́n bá sè lọ́hùn-ún ń dé ọ̀dọ̀ wa, èyí tí a bá sè níbí ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkẹjà, èmi jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọ́fíìsì wa yìí ló lu jíìpù náà ní gbànjo, èmi ni mo sì rà á.

Bí o bá rí jíìpù ọ̀hún, o máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ń hó, okùn la sì fi ń de ilẹ̀kùn rẹ̀ kan. Abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni táńkì rẹ̀ wà, tó jẹ́ pé bí o bá ń wà á, orí epo gan-an lo jókòó lé. Ihò tí a ń gbà rọ epo sí i fẹ̀ débi pé ọwọ́ ọmọdé lè wọ inú rẹ̀. Nígbà ọ̀wọ́n epo, ọ̀rẹ́ mi yìí ló máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì bá mi tò nílé epo, òun náà ló sì máa ń rọ ọ́ sínú táńkì. Ó ní aṣọ ọ́fíìsì Ẹ̀gbọ́n òun kò gbọdọ̀ rùn.

Nítorí ilẹ̀ ni mo ṣe ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì ra ilẹ̀ tó fara kanra ní Ayọ̀bọ̀, lọ́wọ́ ẹbí kan tó ni oko níbẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ nígbà náà. Takisí tó bá gbà láti lọ, awakọ̀ rẹ̀ kò tíì débẹ̀ rí ni. Ilẹ̀ kan wà lójú ọ̀nà, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sún mọ́ àbàtà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n mú tiwájú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò. Ẹ mú tojú ọ̀nà jàre."

Inú mi dùn ju bí mo ti fi hàn lọ. Ìyá mi ti ń darúgbó nínú yàrá àyálégbé kan ní Ìbàdàn, mo sì ti ṣèlérí fún un pé kò ní kú sílé onílé. Ilẹ̀ yẹn ni ìlérí náà dúró lé. Àmọ́ ẹbí tó tà á fún wa ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré. Kí òjò tó rọ̀ dáadáa, wọn á dá ọjọ́ tí wọn á fi ààlà han gbogbo ẹni tó ra ilẹ̀, olúkúlùkù á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin pèrègún yí tirẹ̀ ká lójú àwọn àgbà. Ìwé wà o, ṣùgbọ́n pèrègún ni wọ́n mọ̀. Ẹni tí kò bá wá gbìn ín, ilẹ̀ ò wù ú nìyẹn, wọn á fún ẹni tó bá wà níkàlẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí jíìpù náà kú lọ́nà, àìsàn gidi ló ṣe é. A ti kọjá Bárúwà, à ń gun òkè kékeré kan, ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó gbọ̀n rìrì, ó dákẹ́. Mo sítáàtì rẹ̀ títí, kò dáhùn. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ pé epo ni kò dé orí ẹ́ńjìnnì. Ó tú rọ́bà tó ti táńkì wá kúrò lára pọ́ǹpù, epo kankan kò kán níbẹ̀. Ó fi ẹnu sí i, ó fẹ́ ẹ sẹ́yìn, ó tún fà á. Lójijì ni epo rọ́ wọ̀ ọ́ lọ́fun, ó sì gbé e mì. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ó ń wúkọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo sáré títí mo fi rí obìnrin kan tó ń pàtẹ, mo ra mílíìkì alágolo, torí o mọ̀ pé ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ nígbà yẹn ni pé mílíìkì ló ń pa oró epo. Ó mu ún tán, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dààmú. Ọkọ̀ ti jí." Jíìpù sì gbé wa délé.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyàwó mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó lọ sọ́jà, ó ra táwẹ̀lì kékeré kan fún un, funfun, tí ìlà búlúù yí etí rẹ̀ ká, ó ní kó máa fi nu ẹnu bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ń jáde, táwẹ̀lì yẹn á ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Mẹkáníìkì mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi lójú ọ̀nà Ìdímù, rí ìdí ọ̀rọ̀ náà kíákíá. Ìpẹtà ti pọ̀ nínú táńkì, ó ti dí fítà tó ń sẹ́ epo pa. Ó sọ táńkì kalẹ̀, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú epo, ó ń mì ín títí ìpẹtà fi jáde bí ọbẹ̀ ẹ̀wà. Ó pààrọ̀ fítà, ó pààrọ̀ awọ inú pọ́ǹpù. Jíìpù sì ń lọ, ó ń bọ̀, kò tún ṣe wá ní nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Ìgbà tí ọjọ́ pèrègún ń sún mọ́lé ló tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá gbé e lọ ọ́fíìsì, dáadáa. Bí mo bá gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì, dáadáa. Àmọ́ bí a bá ti dorí kọ Ayọ̀bọ̀, tí kòtò bẹ̀rẹ̀ sí í jù wá sókè sódò, a kì í jìnnà sí Bárúwà tí yóò fi wúkọ́ kú. Ọ̀rẹ́ mi á sọ̀ kalẹ̀, á fẹ́ páìpù, á tutọ́, á nu ẹnu, jíìpù á jí. Á wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yáa padà sílé. Tó bá kú sínú igbó lọ́hùn-ún ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni lójú mi. Èmi á ra mílíìkì, a ó sì padà.

Mẹkáníìkì tú kabúrétọ̀, ó fọ ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ra pọ́ǹpù mìíràn sí i. Ó ní bóyá ìdérí táńkì ni kò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, ó lu ihò sí i lára. Ó yẹ rọ́bà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá ó ti sán níbì kan. Ó wá fi jíìpù sílẹ̀ kó máa kùn lábẹ́ igi láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Kò kú. Ó mi orí, ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ò ṣàìsàn níbí o. Àfi tó bá ti rí ọ̀nà Ayọ̀bọ̀." Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé mẹkáníìkì náà kàn ń jẹ owó mi ni, kí n wá ẹlòmíràn. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà, ṣùgbọ́n èmi ò tíì la obì náà wò.

Ọjọ́ pèrègún dé. Mo wọ bàtà rọ́bà, mo di àdá sẹ́yìn jíìpù pẹ̀lú ẹ̀ka pèrègún tí mo fọwọ́ ara mi gé. Ibi tó ti máa ń kú náà ló kú sí. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ páìpù, ó ní lọ́tẹ̀ yìí kò dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ti mọ́tò kí wọ́n má baà tú u. Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn lọ bá yín bẹ̀ wọ́n." Ó gbé àdá, ó gbé gbogbo ẹ̀ka pèrègún mi lé èjìká, ó ní bóyá wọ́n á gbà kí òun bá mi gbìn ín. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà lọ́nà, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ ìyá ẹni lè máà ṣe tó báyìí.

Oòrùn ti yẹ̀ kó tó padà, ẹrẹ̀ dé orókún rẹ̀. Ó ní wọ́n ti sún ọjọ́ náà di ẹ̀yìn Iléyá, pé òun kó ẹ̀ka pèrègún sílé olórí ẹbí kó má baà rọ. Mo dì mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Ó tún fi ẹnu sí páìpù, jíìpù jí wẹ́rẹ́, a sì lọ sílé.

Kí Iléyá tó dé, ó lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Mo ní kí n dá lọ dán ọ̀nà wò. Jíìpù kú níbi tó ti máa ń kú, kò sì sí ẹni tó máa bá mi fẹ́ páìpù. Mo tú rọ́bà, mo fi ẹnu ara mi sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó le, bí ẹni ń fẹ́ ìgò tí wọ́n dé pa. Ó wá tú lójijì, mo sì gbọ́ gbùlù-gbùlù nínú táńkì. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ronú. Ìpẹtà kì í ṣe báyẹn. Ohun tó dí i kò sí nínú páìpù rárá. Nǹkan kan ló wà nínú táńkì, tó fẹ̀, tó rọ̀; bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa epo, á wá lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù, bí a bá fẹ́ ẹ, á ṣí kúrò. Bí ọ̀nà bá dán, á jókòó jẹ́ẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tó bá ń jù wá ló ń gbé e dìde.

Mo gbé ìjókòó awakọ̀ kúrò, mo tú àwọn ìdè orí táńkì, mo rọra fa páìpù jáde. Kò sí nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Mo tẹ wáyà kan bí ìwọ̀, mo ń wá a kiri nínú epo títí ó fi kọ́ nǹkan kan. Mo mọ aṣọ náà kí n tó fún epo inú rẹ̀ dànù. Funfun, ìlà búlúù létí. Ìdajì táwẹ̀lì ni.

Mo kọ́kọ́ parọ́ fún ara mi. Mo ní bóyá ó já bọ́ síbẹ̀ nígbà tó ń nu ẹnu táńkì. Ṣùgbọ́n abẹ ni wọ́n fi gé e, gígé tó tọ́ tààrà, táwẹ̀lì kì í sì í gé ara rẹ̀. Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo jókòó sórí òkúta tí òun máa ń jókòó lé, inú mi bà jẹ́ débi pé ọmọkùnrin bíi tèmi sunkún lójú ọ̀nà.

Jíìpù náà gbé mi dé Ayọ̀bọ̀ láìwúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yẹ kí inú mi dùn. Pèrègún mi ló kí mi káàbọ̀: wọ́n ti ta ewé tuntun, wọ́n yí ilẹ̀ méjèèjì ká bí ẹyọ kan, kò sí ààlà kankan láàárín. Olórí ẹbí, bàbá arúgbó kan tí kì í pariwo, jáde wá bá mi. "Ọmọ mi, a retí rẹ títí. Ẹnì kejì rẹ ní o ti fi tìrẹ sílẹ̀ fún òun, pé mọ́tò rẹ ò lè gba ọ̀nà wa. Ó ní ìwọ lo tún fún òun ní pèrègún. Àbí ìwọ kọ́ lo fún un?" Èmi ni mo fún un lóòótọ́.

Àwọn àgbà jókòó lé e lórí. Wọ́n ní ohun tí wọ́n gbìn lójú àwọn, àwọn ò ní fà á tu, kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà máa bá tirẹ̀ lọ, kí n gba ti ẹ̀yìn, lẹ́bàá àbàtà. Mo gbà á. Ọkàn mi ò gbà á.

Nígbà tí ó ti Abẹ́òkúta dé, mo gbé ìdajì táwẹ̀lì náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó wọlé lọ. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ti ní mọ́tò. Mo ní kí èmi náà ní ojú ọ̀nà." Ìbéèrè kan péré ni mo bi í: "Àti epo tó ò ń gbé mì nítorí mi ńkọ́?" Ó wá ní, "Ti àkọ́kọ́ yẹn, Ẹ̀gbọ́n, nítorí yín ni. Ọlọ́run gbọ́."

Àbàtà kì í jẹ́ kí ilé tètè dìde. Iyanrìn tí mo dà sí i kò níye, ìyá mi sì kú sí Ìbàdàn, sínú yàrá onílé, kí n tó kan òrùlé. Ẹ̀bá àbàtà náà ni mo ń gbé títí di òní. Iwájú ilé ọkùnrin náà ni mo ń gbà kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèrègún tó ti ga ju ènìyàn lọ báyìí, òun a sì máa kí mi: "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Mo ń dá a lóhùn.

Àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí máa ń sọ pé ọ̀tá ni látilẹ̀wá. Ì bá ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo rí omi tó dà lójú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò purọ́: epo yẹn, nítorí mi ló ṣe gbé e mì. Ohun tó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí nìyẹn, pé ẹni tó fẹ́ràn mi ló ṣe é. Láti ìgbà náà, bí mọ́tò mi bá kú lọ́nà, ẹnu ara mi ni mo fi ń fẹ́ páìpù. Mo ń gbé e mì, mo ń tutọ́, n kì í sì í ra mílíìkì.