Ọkọ Kékeré Tí Wọ́n Ń Tì Mọ́lé

Kọ́kọ́rọ́ ti dé ọwọ́ mi. Mo dì í mú, mo la ọwọ́ wò ó, mo sáré wọ yàrá lọ fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ibẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo yọ ọ́, mo so ó mọ́ etí ìró, mo tún tú u, mo gbé e sétí bíi pé ó máa bá mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé wa ń ká ẹní ní pálọ̀, ó ń wò mí, ó ní, "Òpéléńgé, ẹ jókòó jàre, kí ẹ má lọ gbé e mì." Ta ló fẹ́ jókòó? Ẹsẹ̀ mi ò balẹ̀.

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àbúrò mi, mo ti sáré kọjá ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn. Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, mo ti di àǹtí fún ẹ̀yin, síbẹ̀ tí mo bá rántí kọ́kọ́rọ́ yẹn, mo máa ń di ọmọdé padà. Ẹ jẹ́ n mú un láti orí.

Mo ṣì kéré nígbà yẹn, ọmọ pírámárì ni mí, nígbà tí wọ́n mú mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Sùúrùlérè, sọ́dọ̀ bọ̀dá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, lápá Ìpọ̀nrí, yàrá kan, pálọ̀ kan, ilé ìdáná tóóró kan, gbogbo ẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn yẹn ni bọ̀dá mi máa ń tì mọ́ mi tí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ní gbogbo ọlidé tó gùn bí ọ̀nà oko yẹn.

Ọdún yẹn ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Ẹ̀yin ò mọ bó ṣe rí. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kó kọ́kọ́ wo ọ̀tún kó tó sọdá títì, tí wọ́n wá ní lójijì pé òsì ni kó kọ́kọ́ wò, ọrùn ẹ̀ ò ní tètè gbà. Àgbàlagbà á dúró létí títì ní Ojú Ẹlẹ́gbà, á wo ọ̀tún dáadáa, á ní kò sí nǹkan tó ń bọ̀, á gbé ẹsẹ̀, fèrè mọ́tò á han lápá òsì, á fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná. Bọ̀dá mi ní ṣé nínú irú èyí ni àwọn máa jẹ́ kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ máa rìn kiri? Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́, tí wọ́n bá ti mú kọ́kọ́rọ́ lápò: "Odindi ni ìyá wa fi ẹ́ lé mi lọ́wọ́. Odindi ni màá dá ẹ padà." Kọ́kọ́rọ́ á yí, bàtà wọn á máa sọ̀ kalẹ̀ kó-kó-kó, ó parí.

Kí ni mo ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́? Mo ń dúró lójú fèrèsé. Irin ni wọ́n fi dí i, àárín irin méjì ni mo máa ń ki imú bọ̀. Àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ á máa ṣe súwè nínú iyẹ̀pẹ̀, èmi náà á fi ẹfun fa tèmi sórí sìmẹ́ńtì pálọ̀, màá máa bá wọn fò ó lókè, èmi nìkan, màá jẹ ara mi, màá tún bínú sí ara mi. Mo mọ gbogbo ibi tí ògiri ti sán. Ọ̀kan dà bí ewúrẹ́, mo máa ń kí i.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún ń dùn mí, ni pé nínú ilé tí wọ́n ti ń tì mí mọ́lé yìí, ọkọ ni mí. Ẹ̀yin ọmọ Èkó lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ ẹ̀ ni ọmọ yẹn, ì báà jẹ́ obìnrin, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Kò gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ. Òpéléńgé ni ìyàwó wa sọ mí, torí egungun mi ṣeé kà láti ọ̀nà jíjìn. Láàárọ̀, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o," ọkọ á sì nu ojú ẹ̀ tó dọ̀tí, bọ̀dá mi á máa wá kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa fi ti ọkọ mọ́lé.

Ìyàwó wa ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lápá Ojú Ẹlẹ́gbà. Ó ti ka iléèwé Mọ́dà, ó mọ̀wé, ẹnu ẹ̀ sì dùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń bẹ iṣu, ó kàn ní, "Ọkọ mi, ẹ rán mi níṣẹ́."

Mo ní, "Iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ tó bá wù yín. Inú ilé lẹ wà látàárọ̀, èmi ni mo ní ẹsẹ̀. Kí lẹ fẹ́ láti ìta?"

Mo fẹ́ sọ pé gúgúrú, mo fẹ́ sọ pé dòdò Ìkirè, ẹnu mi bá sọ pé, "Ìwé. Kì í ṣe ti iléèwé o."

Bọ̀dá mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ sétí. Wọ́n ní ìwé ìtàn ló ń ba ọmọbìnrin lórí jẹ́, ìṣirò ló ń gbéni wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó wa rà á bọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lórí ọ̀rá. Kálẹ́ńdà ni gbogbo wa fi ń bo ìwé iléèwé nígbà yẹn kó má baà ya, bó ṣe já ojú kálẹ́ńdà kan nìyẹn, ó fi bò ó, ó rí bí ìwé ìṣirò mi gẹ́lẹ́.

Àwọn ìwé ìtàn tí mo ti rí tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ òyìnbó ló ń ṣeré nínú yìnyín níbẹ̀. Èyí jẹ́ tuntun. Èèyàn wa ló kọ ọ́, fún àwọn tí kò kéré mọ́ tí wọn ò sì tíì dàgbà. Ọmọbìnrin inú ẹ̀ ń jẹ ẹ̀bà bíi tèmi. Etí odò ló ń gbé, bàbá ẹ̀ sì ní kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi láéláé, ó wá ń jókòó sí èbúté lójoojúmọ́, ó ń wo àwọn tó ń lọ. Ó dé ibì kan, ó bi ara ẹ̀ pé, tí kò bá sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́, níbo ni èmi fúnra mi fẹ́ lọ? Mo pa ìwé dé. Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun, ṣé mo ti fọ abọ́, ẹnì kankan ò bi mí ní èyí rí. Mo wá rí i pé láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn ṣí, mi ò tiẹ̀ tíì ronú ibi tí mo ń lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi ju oòrùn ọ̀sán lọ.

Ìyàwó wa náà ń gbọ́ ìtàn náà. Tó bá ń lọ ata, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ọkọ mi, ó ti wọ ọkọ̀?"

"Kò tíì wọ̀ ọ́."

"Bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì ń bínú."

"Àwọn bàbá," á mí kanlẹ̀, á máa lọ ata ẹ̀ lọ.

Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní títì. Á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, ẹní ni títì, agolo mílíìkì ni mọ́tò. Á máa yí agolo bọ̀ láti ibi tí mi ò fọkàn sí, á ní, "Òsì kọ́kọ́, ọkọ mi. Wọ́n ti tẹ̀ yín pa. Ẹ padà sẹ́yìn."

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ Sunday kan tí Bàbá kan wá kí wa, àgbà agboolé wa, wọ́n wá wo ọmọ wọn l'Ékòó. Wọ́n ti ṣe tísà rí. Bọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. "Bàbá, ọmọ yìí kì í ṣeré o. Ìṣirò ni tiẹ̀. Tí mo bá ti wọlé báyìí, orí ẹ̀ wà nínú ìwé." Kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, bọ̀dá mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ti fa ìwé yọ lábẹ́ àga. "Èyí tó ń kà jù nìyí. Ẹ bi í ní èyí tó bá wù yín."

Ìyàwó wa ń gbé mínírà bọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́. Bàbá gbé awò sójú, wọ́n ṣí ìwé. Wọ́n ka ojú ewé kan. Wọ́n ní, "Hẹ́n-ẹn." Wọ́n ṣí òmíràn.

Bọ̀dá mi ní, "Ẹ bi í, Bàbá."

"Màá bi í. Ìwọ ọmọ yìí, tí bàbá bá ní kí ọmọ òun má wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ọmọ sì fẹ́ wọ̀ ọ́, kí ló kù?"

"Dáhùn," bọ̀dá mi ń rẹ́rìn-ín, "ìyọkúrò nìyẹn."

Ìyàwó wa mi orí sí mi pé kí n má dáhùn. Bọ̀dá mi wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n na ọwọ́ gba ìwé, àwòrán ọmọbìnrin tó jókòó sí èbúté ni wọ́n ṣí kàn. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Orí kan péré ló kù kí n kà á tán. Mo ti rí i lójú wọn pé ìwé yẹn máa ya, kọ́kọ́rọ́ yẹn ò sì ní yí fún mi mọ́ láyé.

"Ta ló gbé èyí wọlé?"

Ìyàwó wa gbé tíréè kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni."

"Ṣé mi ò sọ fún ẹ ni?"

"Ẹ sọ fún mi. Ọkọ mi ló rán mi níṣẹ́."

"Ọkọ wo? Ta ni ọkọ rẹ?"

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ mi. Àwọn náà ni mo bá nílé." Ó nawọ́ sí mi. "Ṣé kí n wá kọ iṣẹ́ ọkọ ni, kí wọ́n sọ nílé pé ẹ ò fẹ́ aya gidi?"

Bọ̀dá mi yíjú sí Bàbá pé kí wọ́n gba àwọn. Bàbá yọ awò wọn. "Ìyàwó jẹ́ iṣẹ́ ọkọ, mi ò rí ẹ̀bi níbẹ̀." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìwọ ọkọ, kí ló dé tí o ò lọ rà á fúnra rẹ?"

Mo ní, "Wọ́n máa ń tì mí mọ́lé ni, sà."

Bàbá ní, "Wọ́n ti ọkọ mọ́lé, ìyàwó ń ráyè jáde. Irú ilé wo lẹ wá ń gbé l'Ékòó?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, bọ̀dá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ẹ ò mọ títì yẹn ni, Bàbá. Èmi tí mo dàgbà yìí, bọ́ọ̀sì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ kàn mí létí. Kí ni màá sọ fún ìyá wa?" Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan kan ń ba bọ̀dá mi lẹ́rù. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ ni.

Ìyàwó wa ní, "Ọkọ mi mọ títì sọdá." Ó ti ń tẹ́ ẹní.

Bàbá ní kí àwọn kọ́kọ́ gbìyànjú ná. Wọ́n ká agbádá, wọ́n wo ọ̀tún dáadáa, wọ́n gbé ẹsẹ̀, agolo mílíìkì yí láti òsì, ó gbá wọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Ìyàwó wa ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí, a ti pàdánù yín." Bọ̀dá mi náà ò mọ ìgbà tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó wá kàn mí. Mo wo òsì, mo wo ọ̀tún, mo tún wo òsì. Bọ̀dá mi fúnra wọn kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n gba àwọn agolo náà, wọ́n ń yí wọn lù mí bí ẹni ń bínú, láti ibí, láti ọ̀hún, òógùn bò wọ́n. Kò sí èyí tó bà mí.

Wọ́n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ lápò, wọn ò nà án sí mi, ìyàwó wọn ni wọ́n nà án sí. "Gbà, fún ọkọ rẹ." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀ níwájú mi dáadáa, kò ṣe àwàdà lọ́tẹ̀ yìí. "Ọkọ mi, kọ́kọ́rọ́ yín rèé."

Bàbá ti gba ìwé padà, wọ́n fi í há abíyá. Wọ́n ní ó ti dé ibi tó dùn, òdìkejì títì ni àwọn dé sí, kí ọkọ wá gbà á lọ́dọ̀ àwọn tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ̀yin àbúrò mi, nǹkan ti yí. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ ò mọ̀ pé mọ́tò gba òsì rí. Irú ìwé yẹn wà káàkiri báyìí, ẹ ń kà á ní gbangba, kálẹ́ńdà yín wà lára ògiri. Ìyàwó ìsìnyí ń pe àbúrò ọkọ lórúkọ, kò burú, ayé ń lọ. Àmọ́ mo máa ń rò ó pé ká ní orúkọ mi ni ìyàwó wa ń pè, ṣé á kúnlẹ̀ gbèjà mi báyẹn?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì lọ síbi iṣẹ́, wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn láti ìta. Ìró ẹ̀ yàtọ̀ lápá ìta. Mo dé etí títì. Òsì, ọ̀tún, òsì. Lọ́rí kan kọjá, mo dúró, mo tún un wò, mo sọdá. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo rí bọ̀dá mi ní bọ́sítọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n ti dé ọ́fíìsì, wọ́n fi ìwé ìròyìn bojú. Mo ṣe bíi pé mi ò rí wọn. Bàbá wà níwájú ilé, awò lójú, ìwé lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè, wọ́n kàn na ìka kan sí mi pé ó ku díẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, níta gbangba, oòrùn ń ta sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ẹ má kánjú, sà."