Omi Tó Mọ́ Jù

Ìyá Onígò ni àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bu omi odò ẹ̀yìnkùlé wa, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò inú ìgbẹ́ wà níbẹ̀. Bó bá wà, á hù nínú àwo àyẹ̀wò, á di àmì búlúù tótòtó.

Nígbà kan, àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ lódò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu omi. Gbogbo ojú yí sí ilé tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ń fi háyà, tí ṣáláńgá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko odò. Bí àyẹ̀wò bá mú un, títì ni ìjọba yóò ti ilé náà.

Àbájáde dé. Àwo funfun báláú.

Mo ní, "Ẹ ò yọ̀?"

"Kí n yọ̀ kẹ̀? Odò tí pẹ́pẹ́yẹ ń yàgbẹ́ sí, ó wá mọ́ ju omi òjò lọ!"

Ọ̀rọ̀ náà ń kọ ọ́ lóminú. Bó bá ti odò dé, ó máa ń gbé kúlà ìgò sílẹ̀ ní pálọ̀, á lọ fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ta ló máa ń wà ní pálọ̀?

Nígbà tó tún lọ, ìgò méjì ló bu lójú kan náà. Ó fi ọ̀kan sínú kúlà ní pálọ̀, ó kó yìnyín ti èkejì nínú báàgì rẹ̀, ó sì gbé báàgì náà wọ balùwẹ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, ti kúlà funfun. Ti báàgì búlúù bí ẹni da ìlẹ̀kẹ̀ sí i.

Ọkọ rẹ̀ ń lọ aṣọ nígbà tó wọlé.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ dà sínú ìgò mi?"

"Ìgò wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ bá mi ṣọ́."

Áyọ́ọ̀nù dúró lójú kan. Ṣẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

"Bílíìṣì díẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí kòkòrò náà dín kù ni."

"Ó dín kù? Ó tán pátápátá!"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi dàgbà. Ó ní òun á tún ṣáláńgá náà ṣe."

"Ṣé ẹ gbà á gbọ́?"

Ọkọ rẹ̀ fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ.

Àwo búlúù ni ẹ̀gbọ́n mi gbé fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n ti ilé náà pa, àwọn ọmọ sì kúrò lódò. Tọkọtaya náà ò jà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ọkọ rẹ̀ bá bu omi mímu fún un, ẹ̀gbọ́n mi máa ń kọ́kọ́ gbóòórùn omi náà. Ọkọ rẹ̀ á dúró, á máa wò ó.