Àwòrán Ẹnu Tó Wà Lára Ògiri Wa

Fìlà ni mò ń rán ní àdúgbò Djidjolé láti ìgbà èwe mi. Mi ò lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ mi kì í pọ̀, nítorí náà bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́, má fi kún un. Ọ̀rọ̀ màmá rẹ, ọmọ mi obìnrin, ni.

Òun ló ní ká máa ta fìlà lórí fóònù. Ó ní àwọn ará wa tó wà nílùú òyìnbó ń wá a, wọn ò rí i rà. Ó ní a máa ṣe sáìtì. Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kàkà kó máa ṣàlàyé, ó mú pépà ńlá kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ ilé wa ní Adakpamé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bííkì ìkọ̀wé ya àpótí. Ọ̀kan wà lókè, àwọn yòókù wà nísàlẹ̀, ó wá fa ìlà láti inú ọ̀kan lọ sí òmíràn.

Mo wò ó títí. "Ṣé ilé lo fẹ́ kọ́ ni? Ilẹ̀kùn ẹ̀ ti pọ̀ jù. Olè á kó ẹ lẹ́rù lọ."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Baba, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o! Ẹni tó bá wọlé, ibí ló máa kọ́kọ́ dé. Tó bá fọwọ́ kan ibí, á rí fìlà. Tó bá wù ú, ibí ló ti máa sanwó."

Nítorí pé mi ò mọ̀wé, kò kọ nǹkan kan sínú wọn. Ó ya téèpù tí a fi ń wọn orí sínú ọ̀kan, ó ya fìlà sínú èkejì, ó ya owó sínú ìkẹyìn. Ló bá yé mi. Ohun tí ẹlòmíì ì bá fi Faransé ṣàlàyé fún mi títí tó máa sú u, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo wò ó tí mo rí i. Mo fi ìka tọ ìlà náà. Ìgbà tí mo kúrò nídìí fìlà, owó ni mo bá.

"Níbo ni wọ́n ti ń ná an?"

"Baba, wọn kì í ná an níbẹ̀. Iye tí a bá ní kí wọ́n san ni."

"Ẹni tó wọlé tí ò kí ọ, tí ò béèrè àwọn ọmọ rẹ, tí ò ní kí o dín in kù, oníbàárà nìyẹn? Ṣe ló fẹ́ yọ nǹkan lọ."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yí padà sí pépà náà, ó ya àpótí kan sí i láàárín fìlà àti owó. Ẹnu ló yà sínú ẹ̀, ẹnu tó là sílẹ̀, tí eyín iwájú ẹ̀ ti ká bíi tèmi.

"Ẹnu yín nìyẹn. Mo ti mọ bí màá ṣe ṣe é. Tí mo bá parí ẹ̀, ẹ ó rí i."

Mi ò bi í pé báwo. Iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ò tíì parí, a kì í tú u wò.

Àìsàn ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ìwọ náà wà níbẹ̀, mi ò ní sọ ìyẹn. Bàbá kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ ẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú. Gbogbo yín lọ, èmi àti pépà náà la jọ wà ní pálọ̀.

Nígbà tó yá, bàbá rẹ ní ká parí iṣẹ́ náà fún un. Ó mú ọ̀gbẹ́ni kan tó jẹ́ ẹ̀yà Mina, tí kì í sọ Yorùbá, tó ń ṣe sáìtì, wá láti àdúgbò Tokoin Wuiti. Ọ̀gbẹ́ni náà dúró níwájú ògiri, ó ń mirí. Ó ní ẹni tó ya èyí mọ ohun tó ń ṣe, pé kò sí ohun tí a tún fẹ́ ṣàlàyé fún òun. Inú mi dùn. Ó wá dé ibi ẹnu.

"Pápà, kí ni wọ́n ń ṣe níbí?"

Ìwọ lo túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Mo ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná an.

"Báwo? Ṣé wọ́n á kọ ọ́ ni, àbí wọ́n á sọ ọ́? Ta ló máa dá wọn lóhùn? Tí ẹ ò bá gbà ńkọ́?"

Bàbá rẹ ní bóyá fóònù ni wọ́n á pè. Ìwọ ní bóyá ohùn mi ni màmá rẹ fẹ́ gbà sílẹ̀. Mo sún mọ́ pépà náà, mo wò ó. Ìlà kan wọ inú ẹnu, ìlà kan jáde. Kò sí nǹkan míì níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun lè fi nọ́ńbà fóònù síbẹ̀, tàbí kí òun yọ ọ́.

"Baba, ohun tí ẹ bá sọ la máa ṣe," bàbá rẹ wí.

Tí a bá fi èrò tiwa síbẹ̀, àwọn èèyàn á máa sọ pé màmá rẹ ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun kọ́ ló ṣe é. Mo ní kó yọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni náà mú bííkì, ó fa ìlà láti ìdí fìlà lọ sí ìdí owó tààrà.

Sáìtì náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Fìlà ń lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó fa ìlà yẹn, mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, ara ẹ̀ ni mo rò pé wọ́n gbé lọ. Mi ò mọ̀ pé ohun tó mọ̀ náà bá a lọ.