Ẹyẹ Tó Ń Kan Fèrèsé Màmá Mi ní Ìjemọ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ìlọrin. Mo di wàrà sínú abọ́ fún Màmá, nítorí wọn kì í rí i rà ní Abẹ́òkúta bí àwa ti ń rí i níbí. Iṣẹ́ tí àbúrò mi obìnrin rán sí mi ló gbé mi jáde. Ó ní Màmá kọ̀ láti wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, pé Bàbá wa tó kú lọ́dún tó kọjá ti di ẹyẹ, wọ́n sì ń wá kan fèrèsé láràárọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé orí ìyá mi ti ń dàrú, mo sì pinnu pé dandan ni kí n mú wọn bọ̀.

Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ dára díẹ̀, ṣùgbọ́n láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, kòtò pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Ní Ìbàdàn mo wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta, náírà méjì ni owó rẹ̀ nígbà náà. Awakọ̀ béèrè ohun tí mo ń bá lọ, mo sì sọ fún un.

“Bàbá tèmi náà ti lọ,” ó ní, “wọn ò kanlẹ̀kùn rí. Ó jọ pé tiyín ṣì fẹ́ràn ilé.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Nígbà tí mo dé Ìjemọ̀ ní Abẹ́òkúta, Màmá gbà mí tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ro láfún fún mi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi níkọ̀ọ̀kan, wọn ò ṣi orúkọ ẹnì kan pè. Orí wọn pé pérépéré, ìyẹn gan-an ló sì kọ́kọ́ rú mi lójú.

Nígbà tó di àárọ̀, mo gbọ́ kó, kó, kó lára dígí fèrèsé pálọ̀. Ẹyẹ kan ni lóòótọ́, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tó ti wọ́. Orí àti àyà rẹ̀ ń dán. Mo pè é ní àwọ̀ ewé, ó yíjú sí oòrùn, ó di elése àlùkò. Télọ̀ ni mí, síbẹ̀ mi ò lè sọ àwọ̀ eléyìí. Ó fò lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé, ó doríkodò mọ́ òdòdó rẹ̀, ó fi ẹnu gígùn yẹn mu omi dídùn inú rẹ̀, ó tún padà wá kọlu dígí. Ẹyẹ mìíràn wà nítòsí tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí eruku. Mo rò pé ọ̀tá rẹ̀ ni, Màmá ní ìyàwó rẹ̀ ni. Mo ní ìlú wo ni ọkọ ti ń múra ju ìyàwó lọ? Wọ́n ní kí n lọ bi Ẹni tó dá wọn.

“Màmá, ara rẹ̀ ló ń rí nínú dígí,” mo ní. “Ó rò pé akọ mìíràn fẹ́ gba ilé òun. Ìjà ló ń jà, kì í ṣe Bàbá.”

“Ta ló ní bàbá yín ni? Mo ní ó ń kan fèrèsé bí wọ́n ṣe máa ń kan án ni. Látìgbà tí wọ́n ti lọ, òun nìkan ló ń wá kí mi láàárọ̀.”

“Ṣùgbọ́n inú ló ń bí i.”

“Bó jẹ́ inú ló ń bí i, ó sáà ń wá.”

Ọ̀rọ̀ náà dà mí lọ́kàn rú. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n lọ sí ìpàdé ìjọ ní Aké, mo fi aṣọ dúdú bo dígí náà láti ìta, kí ẹyẹ náà má baà rí ara rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹyẹ kankan ò kan fèrèsé. Màmá jókòó sórí àga títí oòrùn fi mú. Wọ́n wo aṣọ tí mo fi bo dígí, wọn ò bínú.

“Dàpọ̀, ó ti lọ,” wọ́n ní. “Jẹ́ ká máa lọ.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ohun tí mo ń wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, kí ló dé tí ara mi ò yá? Mo sáré jáde, mo ṣí aṣọ náà kúrò. A dúró títí. Ẹyẹ náà wà lórí òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń mu omi rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ wa. Bóyá ó ti gbàgbé ìjà náà, mi ò mọ̀. Màmá ní ọkọ̀ ò ní dúró dè wá.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Ìlọrin. Mo ti rò pé irọ́ ni mo lọ lé kúrò nínú ilé yẹn, àṣé àlejò ni mo lé. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí Màmá, ó gba ẹrù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo yípo pálọ̀ wa.

“Ta ló máa ń wà nílé láàárọ̀ níbí?” wọ́n béèrè.

“Kò sí o, Màmá,” ìyàwó mi dáhùn. “Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wa ti jáde.”

Màmá ní kò burú.