Ìjà Àwọn Ọmọ Mi Kò Jẹ́ Kí Ọgbẹ́ Inú Mi Jiná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí nínú ilé ara mi ní àdúgbò Òkèrèwè níbí. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ó lè ran ẹnìkan lọ́wọ́.

Tíṣà ni mí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ní ulcer, ọgbẹ́ inú. Mo pa ata tì, mò ń lo oògùn déédéé, síbẹ̀ inú ń ta mí bí ojú egbò. Kí ló fà á?

Ọmọkùnrin méjì ni mo bí. Látìgbà tí bàbá wọn ti kú ni Gbénga, ẹ̀gbọ́n, ti ń lu Dàpọ̀, àbúrò rẹ̀, bí ẹni lu ejò. Lórí kí ni? Lórí omi ìwẹ̀, lórí ẹran inú ọbẹ̀! Bí mo bá ti gbọ́ tí Gbénga gbé ohùn sókè báyìí, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun mi mọ́. Orí á máa fọ́ mi, màá sì gbé oògùn ara ríro mì láìjẹun.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà bi mí bóyá nǹkan ń dà mí láàmú nílé. Mo ní rárá o, àlàáfíà la wà. Irọ́ funfun báláú!

Ọ̀sán Sátidé kan, Dàpọ̀ yọ fóònù Gbénga kúrò lára iná, ó fi tiẹ̀ sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Gbénga gbá a létí, Dàpọ̀ náà forí kàn án nímú. Kí n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Gbénga ti gbé ọmọ odó, ó sì là á mọ́ àbúrò rẹ̀ lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú Dàpọ̀, ó ṣubú lulẹ̀, Gbénga sì tún ń tẹ̀ ẹ́ láyà mọ́lẹ̀!

Mo kó sáàárín wọn. "Gbénga, pa èmi náà kún un!" Ó tì mí, mo fẹ̀yìn lu ògiri. Àfi bí ẹni fọ̀bẹ gún mi nínú. Mo bì, ó dúdú bíi kọfí. Mo tún bì, ẹ̀jẹ̀ gidi ni!

Ìgbà yẹn ni ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ Gbénga, ló bá figbe ta: "Màámi! Ẹ jọ̀ọ́, Màámi!"

Àwọn aládùúgbò tó gbọ́ ariwo ló gbé èmi àti Dàpọ̀ dé ọsibítù. Wọ́n rán orí ẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára.

Nígbà tí dókítà tún bi mí, mo sọ òótọ́, mo sunkún. Ó ní kì í ṣe wàhálà nìkan ló dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀, pé oògùn ara ríro tí mò ń gbé mì ti dá kún un. "Ṣùgbọ́n Mama, ọkàn tí kò sinmi kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jiná. Oògùn mi ò sì lè bá yín la ìjà ilé."

Bí mo ṣe délé, mo ní kí Gbénga palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá ẹ̀ ní Edunabon. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ mí títí. Mo ní ọmọ mi ni ẹ́, ṣùgbọ́n o ò ní pa àbúrò ẹ lójú mi. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan ní ìkà ni mí. Ó dùn mí wọra!

Oṣù mẹ́jọ rèé. Gbénga ń pè mí lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ Dàpọ̀. Èmi ń jẹun, oúnjẹ sì ń dúró nínú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ulcer, ẹ má fi ohun tó ń bà yín lọ́kàn jẹ́ pamọ́ fún dókítà. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣe rí? Ẹ̀yin ìyá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa lé e? Ẹ sọ tiyín fún mi, kódà bí ẹ bá fẹ́ bú mi.